Ojú Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Kámẹ́rà tuntun náà ṣì wà nínú páálí nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọ̀gá yìí tíì lò níbẹ̀, kò tíì dá òṣìṣẹ́ kankan mọ̀ lójú. Ayàwòrán ní tirẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rán tán ló máa ń yà fún wọn.

"Gbé e wò," ni ọ̀gá wí. "Mo fẹ́ kó mọ́ ọ lọ́wọ́ kí a tó sọ̀kalẹ̀."

Ayàwòrán gbé e wò. Kámẹ́rà yìí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Igun òkè ni fèrèsé kékeré tí wọ́n ń yọjú wò wà, lẹ́ńsì sì wà láyè tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ó yọ ọmọrí lẹ́ńsì, ó kọjú rẹ̀ sí aago ara ògiri. Láàárín fèrèsé, aago di méjì. Ó rọra yí òrùka lẹ́ńsì, aago méjèèjì ń súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi wọnú ara wọn. Ó tẹ bọ́tìnì. Lẹ́yìn náà ó tan dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà, èyí tó ń fi ohun tí lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ń rí hàn. Ìlà pupa yọ sí etí gbogbo nọ́ńbà aago, àmì pé wọ́n mọ́ kedere.

"Èwo ló yá jù nínú méjèèjì?"

"Fèrèsé ni, sà. Dígí ẹ̀yìn yìí ń jẹ bátìrì."

"Pa á, jàre. Mi ò fẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Tí a bá padà dé, màá wo gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà."

Ó pa á, ó dé ọmọrí padà nítorí òwú tó máa ń fò kiri nísàlẹ̀, ó fi okùn kámẹ́rà kọ́ ọrùn, wọ́n sì jọ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kankan kò dún. Obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ní àwọn kò ní fọwọ́ kan aṣọ àfi tí wọ́n bá mú àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí wọ́n máa ń tì pa mọ́ wọn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wáyà ẹ̀rọ kan gbiná, èéfín kún ilé, gbogbo wọn sì ń há mọ́ra wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú kan ṣoṣo tó ṣí. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n, wọn kò ní káàdì, wọn kò ní fáìlì. Nígbà tí ọ̀gá ní kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn kọ Ìyá Ìbejì.

"Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta lẹ bí láàárín ara yín. Ẹ kú oríire," ni ọ̀gá wí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ayàwòrán. "Yà wọ́n fún mi níkọ̀ọ̀kan. Lọ́la, àwòrán wọn á ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ géètì. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní wọlé mọ́."

Ó dúró sẹ́yìn èjìká ayàwòrán. Ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ yan bí kámẹ́rà ṣe máa yára ṣẹ́jú tó, kò jẹ́ kó yàn án fúnra rẹ̀, ó sì gbé fèrèsé sójú.

Obìnrin àkọ́kọ́ fọwọ́ bojú.

"Ẹni tó bá bojú, ọlọ́pàá ni màá pè fún un," ni ọ̀gá wí.

Obìnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ń wolẹ̀. Nínú fèrèsé, ojú rẹ̀ di méjì bíi ti aago, ó sì tún di ọ̀kan. Kẹ́. Àwọn márùn-ún tó tẹ̀ lé e náà ń wolẹ̀. Ẹnì kan ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán ló ṣe ìkeje. Owó ìránṣọ rẹ̀ ló fi rán an lọ kọ́ iṣẹ́ fótò, ilé kan náà ni wọ́n sì ti jáde láàárọ̀. Ọ̀gá kò mọ̀.

"Ojú ò tì ẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àwa la rán ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn ẹ."

"Ẹ gbójú sókè, mà. Ẹ wo lẹ́ńsì dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè pẹ̀lú ìbínú, ó wò ó. Ẹnu rẹ̀ tó ti là fún èébú mìíràn pa dé. Ó fọwọ́ tún ìborí rẹ̀ ṣe.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni?"

"Bó bá wù yín, mà."

Ó fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn. Bó ti ń kọjá lọ, ó sọ fún àwọn tó kù pé, "Ẹ jẹ́ kó rí yín o jàre. Fótò ọ̀fẹ́ mà nìyí."

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó wolẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì òun ni kí wọ́n yà, ibẹ̀ lòun ti rẹwà.

"Ẹ̀rù ti bà wọ́n," ni ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ayàwòrán nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó kan ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀gá fọwọ́ kàn án léjìká. "Tan dígí ẹ̀yìn yẹn. Jẹ́ kí n wo ọ̀kan."

Ayàwòrán kò yíjú padà. "Bátìrì ti ń lọ, sà. Tí mo bá tàn án, ó lè má tó àwọn tó kù. Ẹ yọjú wo fèrèsé, sà."

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó fi ojú kan mọ́ fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ kò mira.

"Ó mọ́ rekete," ni ọ̀gá wí níkẹyìn. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ìpéǹpéjú ẹ̀."

Wọ́n ṣe é tán. Ọ̀gá na ọwọ́.

"O ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ nìyẹn, o kì í fi àánú ba iṣẹ́ jẹ́."

Kí ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, ó fi aṣọ pẹlẹbẹ kan nu iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ká aṣọ náà bọ àpò, ọmọrí dúdú tí kò kúrò lójú lẹ́ńsì láti orí obìnrin àkọ́kọ́ dé orí ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n sì bá a wọ ibẹ̀.