Àwòrán Dùnmínínú

Ìgbátí àkọ́kọ́ gbá jígí ojú olùkọ́ dànù. Bàbá Dùnmínínú ti já wọ kíláàsì, ó sì ti fún olùkọ́ lọ́rùn mọ́ ògiri.

“Tísà, ìwọ lo kọ́ ọmọ mi kó máa yàwòrán mi bí apànìyàn? Gbogbo Adó ló ti rí i lórí fóònù!”

“Ẹ ṣe sùúrù, sà. Mo ní kí oníkálukú fi tábúlẹ́ẹ̀tì ya ìtàn tó bá wù ú ni.”

Ẹ̀ṣẹ́ bà á nímú, ẹ̀jẹ̀ ta sára pátákó. Àwọn ọmọ figbe ta. Dùnmínínú nìkan ló dìde, ó tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri tàn, àwòrán rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó jọ bàbá rẹ̀ gan-an ń fi ẹ̀rúkọ́ lu ọmọ kékeré kan lóko. Ó lù ú títí apá ọmọ náà fi kán, kò sì dẹ́kun.

“Irọ́ ni!” Bàbá náà kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìgbà wo ni mo lù ọ́ rí?”

“Ẹ ò lù mí rí, Dádì.” Ọmọ náà ti ń sunkún. “Ẹ̀yin kọ́ ni ọkùnrin yẹn, bàbá yín ni. Màmá Ìgèdè, ìyá yín, ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin ni ọmọ kékeré yẹn.”

Ọwọ́ bàbá náà bọ́ kúrò lọ́rùn olùkọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ó wá na apá rẹ̀ tó ti wọ́ láti kékeré sí ògiri, bí ẹni tó fẹ́ gbá ẹ̀rúkọ́ náà mú.