Ẹyin Ìbídùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Àgbàrá fún yín. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Adéṣẹ̀wà. Ó mọ̀wé, ó sì mọ àgbà í kí, àmọ́ ìwàǹwára rẹ̀ pọ̀. Ọbẹ̀ tí kò tíì hó, á ti tọ́ ọ wò. Àgbàdo tí wọ́n gbìn lánàá, á ti hú u wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Tíṣà Àjíbóyè, olùkọ́ wọn ní kíláàsì karùn-ún, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyin tútù kan wá láti ilé. Ó bu fínígà, omi kíkan tí àwọn alásè ń lò, sínú àwọn ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Àwọn ọmọ rọra fi ẹyin sínú rẹ̀, kálukú sì lẹ orúkọ mọ́ ìgò tirẹ̀.

Tíṣà ní, "Omi kíkan yìí ni yóò jẹ èèpo rẹ̀ tán. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni yóò kù, ẹ ó sì máa rí pupa inú rẹ̀ láti ìta. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o!"

Ìbídùn ni wọ́n yàn pé kó fi ẹyin tirẹ̀ han àwọn òbí tí yóò wá wo iṣẹ́ wọn ní Ọjọ́bọ̀ náà, torí ọmọ onífarabalẹ̀ ni. Adìyẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ní nílé wọn. Ẹyin rẹ̀ ló fi àkísà wé wá. Ìyá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé òun yóò ti oko wá wò ó.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ara Adéṣẹ̀wà kò gbà á mọ́. Bí Ìbídùn ṣe gbálẹ̀ kíláàsì tán tó lọ da pàǹtírí nù, Adéṣẹ̀wà wọlé, ó ki ọwọ́ bọ inú ìgò ti ara rẹ̀. Ẹyin náà ti rọ̀ bíi rọ́bà. Ó tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀. Ó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, pupa rẹ̀ sì ṣàn kárí tábìlì.

Nígbà tí tíṣà bi wọ́n léèrè, ẹ̀rù ba Adéṣẹ̀wà. Ó ní, "Sà, Ìbídùn ni mo rí tó ń ti ibẹ̀ jáde."

"Èmi kọ́, sà," ni Ìbídùn wí. Àwọn ọmọ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Afọ́yin! Afọ́yin!" ni wọ́n ń pariwo. Inú bí tíṣà. Ó ní kí Adéṣẹ̀wà fi ẹyin Ìbídùn hàn ní ipò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Adéṣẹ̀wà gbé ẹyin náà sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn, ó sì mọ́lẹ̀ bí oòrùn àárọ̀. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbídùn, tí eruku oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, béèrè pé, "Ṣé ọmọ tèmi kọ́ ló yẹ kó ṣe é ni?"

Ọmọ kan dá a lóhùn, "Ó fọ́ ẹyin ẹlẹ́yin ni, mà."

Obìnrin náà sorí kọ́. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde láì kí ẹnikẹ́ni. Adéṣẹ̀wà rí i. Ó dá ẹyin náà padà sínú ìgò, ó sì bú sẹ́kún. "Irọ́ ni mo pa! Èmi ni mo fọ́ ọ!"

Tíṣà sáré tẹ̀ lé obìnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ forí jì mí, mà. Ẹjọ́ ẹnì kan ni mo gbọ́ tí mo fi dá a."

"Ó ti tán, sà," ni ìyá náà wí. Àmọ́ kò padà wọlé.

Adéṣẹ̀wà kúnlẹ̀ bẹ Ìbídùn, ìyẹn sì fà á dìde. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti dé kíláàsì yòókù. Adéṣẹ̀wà ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, ó ń ṣàlàyé pé òun ni, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹlòmíràn á tún pe Ìbídùn bẹ́ẹ̀. "Afọ́yin" ni wọ́n pe Ìbídùn títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà, ojú sì máa ń ti Adéṣẹ̀wà jù ú lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ní sùúrù. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀, ẹ má dì í ru ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ba orúkọ ọmọnìkejì jẹ́ lè tọrọ àforíjì, kó sì rí i gbà, àmọ́ kò lè pe ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹnu. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó.