Irùngbọ̀n Amí

Òṣèré náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan n'Íléṣà, irùngbọ̀n funfun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn ń yún un. Ọ̀dọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú fíìmù yìí, amí tó para dà di arúgbó ló ń ṣe. Wọ́n ti tan kámẹ́rà nígbà tí bàbá kan wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

Òṣèré dá a mọ̀. Bàbá Wúrà, àfẹ́sọ́nà rẹ̀! Bàbá tó lé e jáde lóṣù tó kọjá, tó ní òun ò lè fọmọ fún onítíátà láéláé.

Ó wúkọ́ bí arúgbó. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Mo gbọ́ pé o ò fẹ́ fi Wúrà fún ọmọ mi tó ń ṣe tíátà."

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo ti gbà."

"O ṣé. Dìde, ọmọ mi."

Bàbá dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó yíjú sí olùdarí fíìmù.

"Ṣé bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é nìyẹn?"

Olùdarí bú sẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá fa àga, ó jókòó.

"Irùngbọ̀n ẹ ti ṣí lápá kan. Ó yá, ọmọ mi, ìdọ̀bálẹ̀ kàn ẹ́."