Àga Kẹta

Ó ti pẹ́ tí Fadérera ti ń bẹ Adégòkè, ọkọ rẹ̀, pé kó mú òun jáde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé wáìnì àwọn ará Ítálì kan ní Bódìjà, ó ní òun náà ò dé ibẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe wọlé ni ọkùnrin tó ń gbé ọtí rẹ́rìn-ín sí Adégòkè.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó ṣófo."

Ó mú wọn lọ sídìí tábìlì kan, wọ́n sì jókòó. Àga mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì náà, ife mẹ́ta ni ọkùnrin náà sì rọ wáìnì sí. Wáìnì inú ife kẹta ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Tómi, ta lẹ máa ń gbé wá síbí?"

Adégòkè ò wò ó. Àga tó ṣófo ló kọjú sí, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tí Fadérera ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ sọ pé, "Má bínú. Òun ló ní ká wá."

Àga náà sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ìró bàtà obìnrin gba ẹ̀gbẹ́ Fadérera kọjá, ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Adégòkè dìde, ó tẹ̀ lé e, kò sì bojú wẹ̀yìn.