Fíìmù Tó Wà Lọ́dọ̀ Gàfárù

Ìdána Abigail ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí Ògúnfúnkẹ́ já wọlé tọ Ọ̀ṣúnwùmí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá ìyàwó, ní Ọ̀yọ́. Kò tiẹ̀ gba omi mu.

"Ìyá Abigail, àna rẹ ni mo rí ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó gbé ọmọge kan sẹ́yìn alùpùpù. Raliat ni wọ́n pe ọmọ náà. Wọ́n ní òun náà ń múra ìdána."

"Kẹ́hìndé wa?"

"Fìlà aláwọ̀ ewé yẹn náà ló dé."

Nígbà tí Kẹ́hìndé dé lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀ṣúnwùmí kò tíì fún un ní àga tó fi bi í. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Táyé ni wọ́n rí yẹn, Màmá. Láti kékeré ni ìyá wa ti ń ra aṣọ kan náà fún wa, títí dórí fìlà."

"Kí ló dé tí mi ò fojú kàn án rí?"

"Ojú ń tì í ni. Bí mo bá ti ń wọlé lòun ń jáde."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo ni Ọ̀ṣúnwùmí bí, kò sì ní fi í ta tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ìyá Kẹ́hìndé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ń se ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó bù ú sí àwo méjì, ó gbé wọn sápá kan, kó tó bu ti àlejò. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀: ọmọdékùnrin méjì jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Aṣọ kan náà, bàtà kan náà, àwọn méjèèjì sì di báńdéèjì funfun mọ́ orúnkún ọ̀tún.

Ẹ̀rín pa Ọ̀ṣúnwùmí. "Ìyá Ìbejì, wọ́n tún jọ ṣubú ni?"

"Ẹ̀jìrẹ́ ni wọ́n," ni ìyá náà wí, ó ń fi etí ìró nu gíláàsì fọ́tò náà.

"Táyé ńkọ́?"

"Kò sí nílé."

Ara tu Ọ̀ṣúnwùmí. Ojú sì tì í pé òun fura sí ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rinrin ti ń jẹ etí fọ́tò náà, ló bá ní òun á bá wọn tẹ òmíràn, ńlá, tí wọ́n á gbé síwájú èrò lọ́jọ́ ìdána. Ìyá Ìbejì ní fíìmù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Gàfárù, ayafọ́tò Ọjà Igbó.

Agolo mílíìkì tí fíìmù àtijọ́ wà nínú wọn ló kún ṣọ́ọ̀bù Gàfárù. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní agolo tirẹ̀.

"Ẹ kì í kó wọn dànù?"

"Èwo la ó kó dànù, Màmá? Fọ́tò ara ògiri, ọmọ ni. Fíìmù ni ìyá. Bí ọmọ bá sọnù, ìyá á tún bí òmíràn." Ó ń tú agolo kan. "Ìyá kan láti Sábó náà ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ tẹ èyí tí ẹ ń wí yìí. Ó ní ẹ̀bùn àna òun ni."

"Àna Táyé nìyẹn," ni Ọ̀ṣúnwùmí wí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ bá mi tẹ tèmi tóbi ju tirẹ̀ lọ."

Gàfárù wò ó. Ó tú bébà kan. "Òun rèé. Méjì ni."

"Méjì kẹ̀? Fọ́tò kan ni mo rí."

"Ẹ nà án sójú fèrèsé."

Ọ̀ṣúnwùmí nà án: nínú fíìmù kìíní, ọmọ kan ṣoṣo jókòó sápá ọ̀tún bẹ́ǹṣì, apá òsì ṣófo, nínú èkejì, ọmọ yẹn náà, báńdéèjì yẹn náà, ti sún sápá òsì, Gàfárù sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Táyé ò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tó lọ, Màmá, ni mo bá ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, mo so wọ́n pọ̀, bí a ti í ṣe fún ìyá ìbejì tó bá ku ẹyọ kan sí lọ́wọ́."