Nọ́ńbà Wọn Ti Dé Kí Àwọn Fúnra Wọn Tó Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "mo ti délé" nígbà tí ẹ ṣì wà lọ́nà.

1.
Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Kíákíá. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ ló yá jù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ káfíńtà, òrùlé ló ń kàn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò pinnu láti rin ọ̀nà orí òkè, ìrìn ọlọ́jọ́ mẹ́rin tó parí sí ìlú kékeré kan lẹ́yìn òkè. Àwọn ará ìlú náà lọ́yàyà gan-an. Bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un kó fi wẹ ẹsẹ̀.

Wọ́n sì ní ètò kan. Kí o tó gun òkè, wọ́n á fún ọ ní páànù róbótó kékeré kan tó ní nọ́ńbà, ọrùn lo máa gbé e kọ́. Tí o bá dé ìlú, ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé e kọ́ sára pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, onígbàjámọ̀ á ka àwọn nọ́ńbà, á ya fọ́tò pátákó náà, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí àwọn ará ilé lè rí i. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìlú á gbéra lọ wá a.

Kíákíá ti fọ́nnu ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. "Ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀? Ìyẹn fún arúgbó ni! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ wo fọ́tò."

Ẹnì kan dá a lóhùn lábẹ́ ọkọ̀, "Ẹlẹ́nu! Búréèkì tí o ní wàá ṣe lánàá, ṣé o ti ṣe é?"

2.
Ọjọ́ kìíní dára. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, bàtà sì bó káfíńtà ní gìgísẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó hàn pé wọn ò ní í lè dé ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni àwọn tíṣà obìnrin méjì ti bá wọn, tí wọ́n fẹ́ kọjá.

Kíákíá bọ́ nọ́ńbà ọrùn rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ti àbúrò rẹ̀. "Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ bá wa gbé e kọ́ tí ẹ bá dé ìlú. A wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá."

Àbúrò rẹ̀ di tiẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe é. Nọ́ńbà kì í ṣáájú ẹlẹ́sẹ̀."

"Tú u sílẹ̀ jàre, ojo! Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Ó tú u sílẹ̀.

3.
Àwọn tíṣà débẹ̀, wọ́n gbé nọ́ńbà mẹ́rin kọ́, ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọkọ̀ lọ sílé wọn. Fọ́tò ti jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ariwo ta: "Kíákíá! Ó ṣe é lóòótọ́!" Màmá wọn rí i náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ti ilẹ̀kùn, ó sùn.

Àṣé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn gan-an, bí Kíákíá ṣe ń pariwo "yára, yára," káfíńtà ti yọ̀ lórí òkúta tútù. Ó já sínú kòtò, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ lábẹ́ orúnkún. Fóònù ò gbé. Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà, èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀.

"Má mikàn," Kíákíá sọ. "Tó bá di ọ̀la, wọ́n á wá wa."

Àbúrò rẹ̀ wò ó, òógùn bò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń wá ẹni tó ti dé?"



4.
Ọjọ́ kẹrin kọjá. Ẹsẹ̀ wú, ó dúdú. Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni kùrukùru tó ká, tí Kíákíá fi sáré sọ̀kalẹ̀. Ó bá onígbàjámọ̀ níbi tó ti ń gẹ irun oníbàárà, ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀: "Àbúrò mi wà nínú kòtò lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́!"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè. Onígbàjámọ̀ fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìdajì, oníbàárà náà sì tẹ̀ lé wọn bẹ́ẹ̀. Aláta ti ilẹ̀kùn, oníbúrẹ́dì pa iná. Èèyàn mẹ́rìnlá ló gun òkè. Igi méjì àti búláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi gbé káfíńtà wálẹ̀.

Dókítà ní ká ní ọjọ́ tó ṣẹ́ tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n gbé e dé, ẹsẹ̀ náà ì bá ṣeé tún ṣe. Wọ́n gé e.

Onígbàjámọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. "Ní ọjọ́ kẹrin, kùrukùru yẹn dẹ́rù bà wá, a ti wọ bàtà tán. Mo lọ wo pátákó. Èmi ni mo sọ fún wọn pé, 'Ẹ bọ́ bàtà, gbogbo wọn ti dé.'"

Màmá wọn dé lọ́jọ́ kejì. Kò bú Kíákíá, kò gbá a létí. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ò bá jẹ́ kí àyà mi máa já. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ì bá gbé mi wá bá yín."

Káfíńtà ò lè gun òrùlé mọ́. Orí ìjókòó ló ti ń kan àpótí báyìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti dé nígbà tí ẹ ò tíì dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín fọwọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ yín ò tíì tẹ̀. Ẹni tó ń dààmú nítorí yín, ẹ má ṣe fi irọ́ tẹ́ ẹ sùn. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Kíákíá ò tiẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ló sì bá a lọ.