Orí Kì Í Súnkì

Olùwádìí yẹn ń fi tépù wọn orí ọmọ náà kó tó dé fìlà oníwáyà lé e. Bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn, torí ọpọlọ àwọn ọmọ kan náà ló ń wò, bí wọ́n ṣe ń mọ ìwé kà sí i ní abúlé ẹ̀yà Baúlé yẹn. Ló bá dúró. Ó tún un wọ̀n.

"Mùsíyé N'Dri, orí Amenan èṣí tóbi ju èyí lọ. Àbí orí máa ń súnkì níbí ni?"

Ọ̀gá iléèwé tí gbogbo wọn ń pè ní Mùsíyé ń tayín, ó tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Madaamu, ẹ má bínú. Àbúrò ẹ̀ nìyí, Ahou. Amenan ò mọ A yàtọ̀ sí B. Ṣé kó wá bà wá lórúkọ jẹ́ lójú àwọn tó rán yín ni? Olódo ni jàre. Ó ti fi iléèwé sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn rí olùwádìí lára bí ìgbà téèyàn gbé eṣinṣin mì. Ṣùgbọ́n ó ṣí ìwé síwájú Ahou, ọmọ sì kà á geerege bí ẹni ń mumi.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí, ìyá mi?"

"Amenan ni, Tantí. Tó bá ti oko kòkó Mùsíyé yìí dé nírọ̀lẹ́, á ní ká jọ kà á, kóun má baà gbàgbé."